Rìsíìtì tí a ti kọ tán kò yẹ kó ṣeé yí padà nínú kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí mo sì tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kéékèèké kọ ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín sọ. Àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe rìsíìtì, ìbáà ṣe ìwọ̀n àpò kòkó, ìbáà ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan ti ṣèlérí pé òun yóò san gbèsè, kò yẹ kó ṣeé yí padà nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n òdìkejì èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kọ́kọ́ ń fi kọ́ àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ètò fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tajà ní àyíká Ọjà Ọba. Ẹni méjìlá ló yáwó lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Èdè Java ni mo fi kọ ètò náà, kíláàsì Date tó ti wà nínú Java láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo sì lò fún ọjọ́ (n óò ṣàlàyé ohun tí kíláàsì jẹ́ níwájú). Mo ṣẹ̀dá ọjọ́ kan ṣoṣo, mo fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjìlá, mo sì ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan. Nígbà tó yá, ìyá kan tó ń ta ata wá bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé ọmọ òun wà ní ọsibítù, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Wọ́n gbà fún un. Akọ̀wé ṣí àkọsílẹ̀ ìyá náà, ó fi ọjọ́ 14 kún ọjọ́ rẹ̀, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ àwọn mọ́kànlá yòókù ti sún síwájú pẹ̀lú tirẹ̀.

Ọjọ́ owó pé, kọ̀ǹpútà kò sì dárúkọ onígbèsè kankan. Akápò gbé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi bírò kọ jáde nínú ìpàdé, ó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ náà kò sì bá ti kọ̀ǹpútà mu. Àwọn kan dìde, wọ́n ní akọ̀wé ti gba rìbá lọ́wọ́ àwọn tó yáwó. Ìyá aláta bú sẹ́kún, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè. Òru mẹ́ta ni mo fi wá ibi tí àṣìṣe náà wà. Nígbà tí mo rí i, mo lọ sí ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dúró níwájú wọn, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á fún òǹkàwé tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú irú ìkọ̀wé ètò tí mò ń wí, èyí tí àwọn ará Norway méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, fi èdè Simula bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kíláàsì là ń kọ. Kíláàsì dà bí àpótí irin tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù fi ń mọ ọ́n. Búlọ́ọ̀kù tó bá ti inú rẹ̀ jáde ni à ń pè ní object. Àpótí kan ṣoṣo lè mú ẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù jáde. Bí a bá sì ti ní object, orúkọ tí a fi ń pè é nínú ètò kì í ṣe object náà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lásán ni, object kan sì lè ní orúkọ púpọ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa. Bàbá a máa pè é ní Adéwálé, ìyá a máa kì í ní Àkànní, ìyá àgbà náà a sì ní èyí tó wù ú. Bí wọ́n bá fá orí Àkànní, kò sí bí irun ṣe lè ṣẹ́ kù lórí Adéwálé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn: orúkọ méjìlá, ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà kò ṣi iṣẹ́ ṣe rárá, ohun tí mo ní kí ó ṣe ló ṣe.

Àwọn tó ṣe Java náà mọ̀ pé kíláàsì Date ní àléébù. Ẹnikẹ́ni tí object rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè fi setTime yí i padà láìsọ fún ẹlòmíràn tó tún ń lò ó. Yàtọ̀ sí èyí, láti 1900 ló ti ń ka ọdún, oṣù kìn-ín-ní sì ni oṣù òdo lójú tirẹ̀, èyí tó ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà tí Java 8 jáde, wọ́n fi àkójọ tuntun tó ń jẹ́ java.time sí i. LocalDate, kíláàsì tuntun fún ọjọ́, wà nínú rẹ̀, LocalDate kò sì ṣeé yí padà. Ká ní òun ni mo lò, akọ̀wé ì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ ìyá aláta, ọjọ́ tuntun ni ì bá sì jáde fún ìyá náà nìkan.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù, nítorí ibẹ̀ ni òye rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù mọ̀ pé nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá ṣì tutù, wọ́n lè fi ọwọ́ tẹ igun tó fẹ́ wó, wọ́n sì lè tú u ká bí iyanrìn bá pọ̀ jù. Bí ó bá ti gbẹ, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kéré sí i kì í mú àdá ti èyí tó ti gbẹ, òmíràn ló ń mọ. Kíláàsì aláìṣeéyípadà ni kíláàsì tí object rẹ̀ máa ń gbẹ ní kété tó bá ti jáde. Ibi tí a ti ń mọ ọ́n, èyí tí à ń pè ní constructor, ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo àyẹ̀wò: ṣé orúkọ wà níbẹ̀, ṣé ọjọ́ wà níbẹ̀, ṣé owó náà ju òdo lọ? Bí ọ̀kan bá kù, kí ètò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀ kò tún ní kí ẹnikẹ́ni máa yẹ̀ ẹ́ wò kiri mọ́, nítorí kò sí ọ̀nà tó lè gbà bàjẹ́ lẹ́yìn náà.

Nǹkan yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá mi dá oko kòkó ní Ìdànrè. Bí a bá gbé kòkó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á, wọn á gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, akọ̀wé á sì fi bírò tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó lè ran èyí tó wà lábẹ́, nítorí kábọ́ọ̀nù wà láàárín méjèèjì. Bàbá mi á mú ewé òkè, ti ìsàlẹ̀ á wà nínú ìwé oníkòkó. Bí akọ̀wé bá ṣi ìwọ̀n kọ, kò jẹ́ fi réṣà pa á. Á fa ìlà méjì kọjá lórí ewé náà, á fi í sílẹ̀ níbi tó wà, á sì kọ òmíràn sórí ewé tó tẹ̀lé e. Bàbá mi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í kúrò níwájú òṣùwọ̀n láì ka nọ́ńbà ewé rẹ̀ sókè, bó bá sì délé, á fi ewé náà kọ́ ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Àwọn ewé náà wà níbẹ̀ títí ó fi papò dà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bá a jiyàn ìwọ̀n kòkó rẹ̀ rí.

Kí a wá kọ irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kò le rárá mọ́. Ẹ wo ìlà kan yìí ní èdè Java:

record Risiti(String oruko, long kobo, LocalDate ojo) {}

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Java 16 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021 ló sọ record di ara èdè náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e jáde fún ìdánwò láti Java 14 ní ọdún 2020. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò pèsè constructor, òun ni yóò pèsè ọ̀nà tí a ó fi máa ka orúkọ, owó àti ọjọ́, òun náà ni yóò sì mọ̀ pé rìsíìtì méjì tí ohun inú wọn bá dọ́gba dọ́gba. Kí record tó dé, ẹni tó bá fẹ́ irú kíláàsì yìí ní láti fi final síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jogún rẹ̀ kí ó sì ba ìwà rẹ̀ jẹ́, kí ó fi private àti final síwájú ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ constructor, equals àti hashCode (àwọn tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ object tó dọ́gba), kí ó sì má ṣe kọ setter kankan, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń yí ohun inú object padà. Ó máa ń gba ojú ìwé kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé kọ́bọ̀ ni mo fi ka owó, nọ́ńbà odidi, ìyẹn long, sì ni mo lò, nítorí pé double, irú nọ́ńbà tó ń gba ìdá, kì í pa ìdá owó mọ́ bó ṣe yẹ. Ìyẹn tó lẹ́tà mìíràn lọ́tọ̀.

Ẹni tó ń lo Python náà ní tirẹ̀. Láti Python 3.7 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2018, bí a bá kọ @dataclass(frozen=True) sórí kíláàsì, ẹnikẹ́ni tó bá gbìyànjú láti yí ohun inú object rẹ̀ padà yóò bá FrozenInstanceError pàdé. Kí n sọ òtítọ́: ẹni tó bá mọ object.__setattr__ ṣì lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àṣìṣe ni frozen ń dá dúró, kì í dá olè dúró. Kotlin ní data class, ṣùgbọ́n val, tí kì í gbà kí a yí nǹkan padà, ni kí a fi síwájú ohun inú rẹ̀, nítorí bí a bá fi var, tó ń gbà á, síbẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. C# gba record ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. PHP, tí ọ̀pọ̀ ètò ọ́fíìsì ń lò, gba readonly láti PHP 8.1 ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Kò sí èdè kan nínú àwọn tí à ń fi kọ́ni tí a lè tún sọ pé iṣẹ́ yìí pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí ni pé: bí àkọsílẹ̀ kò bá ṣeé yí padà, báwo wá ni a ṣe máa fún ìyá aláta ní ọ̀sẹ̀ méjì? Àkọsílẹ̀ tuntun la máa kọ. Bí ojo bá jẹ́ LocalDate, ojo.plusDays(14) yóò dá ọjọ́ mìíràn padà fún wa, a ó sì fi ọjọ́ yẹn ṣẹ̀dá ẹ̀yáwó mìíràn tí orúkọ àti owó rẹ̀ bá ti àtẹ̀yìnwá mu. Kotlin ní copy fún irú iṣẹ́ yìí, C# ní with, Python ní replace. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé a lè pa àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ síbi tó wà, bí ewé oníkòkó tí wọ́n fa ìlà méjì sí, kí ìpàdé lè rí i pé ọjọ́ báyìí ló wà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ báyìí ló dà, ẹni báyìí ló sì sún un. Ká ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo fún ẹgbẹ́ náà, kò sí ẹni tí ì bá pe akọ̀wé ní olè.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ojo.plusDays(14) sórí ìlà kan, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì wá bá mi pé ọjọ́ kò sún. Kò lè sún. Ó mọ búlọ́ọ̀kù tuntun, kò gbé e. Èyí tó gbẹ ló tún padà lọ ń wò. Ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ gba ohun tí plusDays dá padà.

Ibi tó le jù, tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi dúró lé lórí dáadáa, ni pé ìta object lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ká ní ẹ̀yáwó ní orúkọ àwọn onídùúró nínú:

record Eyawo(String oruko, long kobo, LocalDate ojo, List<String> oniduuro) {}

Record yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àkójọ onídùúró mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ kún àkójọ náà. Ẹni tó mú àkójọ náà wá ṣì ní ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì lè fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kún un lóru, kí aládùúgbò náà jí láàárọ̀ kí ó bá ara rẹ̀ nínú ìdúró tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Orí Àkànní àti orí Adéwálé náà ló tún dé. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a kọ oniduuro = List.copyOf(oniduuro); sínú compact constructor, ìyẹn constructor kúkúrú tí a fi ọwọ́ ara wa kọ sínú record, kí record lè ní ẹ̀dà tirẹ̀ tí kò ṣeé fi nǹkan kún. Láti Java 10 ní ọdún 2018 ni copyOf ti wà. Ní Python, kí a lo tuple, àkójọ tí kò ṣeé fi nǹkan kún, dípò list. Mo ti rí ètò tí final kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ tí àkójọ kan ṣoṣo tí wọn kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ ká.

Ìdí méjì mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Bí a bá fi object ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú HashMap, àkójọ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá nǹkan, ohun inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ṣírò ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ohun inú rẹ̀ bá wá yí padà, ibòmíràn ni yóò lọ máa wá a, kò sì ní rí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ méjì bá sì ń lọ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, object tí kò lè yí padà kò nílò kí ẹnikẹ́ni tì í kí ìkejì tó kà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣíṣẹ̀dá object tuntun nígbà gbogbo ń fi ààyè kọ̀ǹpútà ṣòfò. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ ìṣirò ńlá tó ń yí padà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi record ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Java fúnra rẹ̀ fún wa ní StringBuilder, tó ṣeé yí padà, nítorí pé String, tí a fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, kò ṣeé yí padà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń kọ ọgọ́rùn-ún rìsíìtì lóòjọ́ kò lè mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò sọ pé kí gbogbo nǹkan gbẹ: ọmọ ẹgbẹ́ lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó lè kó kúrò ní Ìjàpọ̀ lọ sí Alágbàká, kí ó sì ṣì jẹ́ ẹni tó jẹ́. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Owó tí ó san lánàá, ó ti san án. Kíláàsì nìkan kò sì tó, nítorí bí ẹnì kan bá ní àṣẹ láti wọ ibi tí a kó dátà pamọ́ sí, tó sì ń fi ọwọ́ yí i padà níbẹ̀, record kò lè dí i lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìyẹn lọ́tọ̀.

Olóòtú, ìwà àwa olùkọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ọmọ kì í tíì mọ kíláàsì dáadáa tí a ó ti ní kí ó kọ getter, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ka ohun inú object, àti setter fún gbogbo ohun inú rẹ̀, kí ó máa kà á lórí bí ìsọdipúpọ̀. Ọdún mẹ́fà ni èmi náà fi kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìlànà JavaBeans ti àwọn ọdún 1990 ló sọ ọ́ di àṣà, ìlànà tí wọ́n ṣe kí àwọn irinṣẹ́ lè máa to bọ́tìnnì àti àpótí sójú kọ̀ǹpútà. Rìsíìtì kì í ṣe bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ló ń múra àtiwọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, àwọn mìíràn yóò sì lọ kọ ètò fún ọsibítù, fún ilé-ẹ̀kọ́, fún àwọn tó ń ra kòkó ní Oǹdó. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n fi kíláàsì aláìṣeéyípadà ṣáájú, kí setter wá lẹ́yìn, fún ohun tó bá nílò rẹ̀ nìkan. Mo sì bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ fún wa pé kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n ní kí ẹni tó kọ ètò ṣí rìsíìtì àná níwájú wọn, kí ó gbìyànjú láti sọ ₦5,000 di ₦50,000. Bí ètò bá gbà á láìfi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún un.

Ní báyìí, Risiti ni kíláàsì àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a sì ń dé ọ̀dọ̀ setter. Mo ti kó àwọn iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo ń fún wọn jọ ní èdè Yorùbá. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, n óò fi ránṣẹ́ sí i láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Àkúrẹ́.